Obìnrin méjì ni wá: ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ ẹnì kejì?

Àkànkẹ́ Òkèlẹ̀rìn (ẹni tí ó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ojúgbà, mo kí gbogbo ilé. Olùkọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì ní olólùfẹ́ tí ó jẹ́ obìnrin bíi tèmi. Láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni a ti jọ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìlú Leeds ni ó wà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, láàrin ọ̀rọ̀ owó ilé àti ọ̀rọ̀ òtútù, ó kàn ní, "Ṣé kò wá yẹ kí a fẹ́ ara wa báyìí?" Kò kúnlẹ̀, kò sí òrùka, nẹ́tíwọọ̀kì gan-an sì ń já. Mo ní kí ó fún mi láyè kí n ronú.

Kì í ṣe pé n kò fẹ́ ẹ. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí irú wa ṣe ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni, ọmọdé pàápàá mọ ẹni tí yóò béèrè, ẹbí tí yóò lọ tọrọ, àti ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀. Ní tiwa, èmi ni mo dàgbà jù, òun ni ó ní owó lọ́wọ́, òun náà ni ó sì wà ní ìlú tí òfin ti gbà á láyè. Ta ni ó yẹ kí ó béèrè nínú wa? Ṣé kí n ka ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn sí ìbéèrè ni, àbí kí n máa retí èyí tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ọmọ Ajílété ní Toronto

Àbúrò mi, ó kú àròjinlẹ̀. Másífà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, obìnrin sì ni èmi àti ìyàwó mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ẹ tó dé orí ẹni tí yóò béèrè, ẹ ní láti mọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì retí pé ìgbéyàwó yóò yí padà nínú ayé yín.

Ìkúnlẹ̀ lórí eékún kan pẹ̀lú òrùka tí a ń wò nínú fíìmù yẹn, àwọn bàbá wa kọ́ ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Láyé àtijọ́, ìfojúsóde ni ó ń ṣáájú, ìwádìí a tẹ̀ lé e, alárinà a sì máa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ títí ọmọge yóò fi ṣíhùn. Kí wọ́n tó dé ibi ìtọrọ, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò bá lójijì mọ́. Lójú tèmi, ètò yẹn bá àwa tí a jẹ́ obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì mu ju ti fíìmù lọ, nítorí pé àṣà kankan kò tí ì pín ipò fún wa. Ẹnu ara wa ni a ó fi pín in, ẹnu náà sì gbọ́dọ̀ pàdé kí ẹnikẹ́ni tó ra òrùka.

Nígbà tiwa, a sọ ọ̀rọ̀ owó: ta ni ó jẹ gbèsè, ta ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ṣé ìyẹn yóò sì máa bá a lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. A sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, nítorí pé ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí sì ni òun. Ọ̀rọ̀ orúkọ kò pẹ́ rárá, olúkúlùkù di tirẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó gbà wá lákòókò jù lọ. Èmi rò pé a ti jọ gbà pé a ó bímọ, òun rò pé a ti jọ gbà pé a kò ní í bí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tíì là á sọ rí. Ta ni yóò lóyún rẹ̀? Ta ni yóò jẹ́ bàbá lórí ìwé, àbí kò ní í sí bàbá? Kí ni ọmọ náà yóò máa pe àwa méjèèjì? Bí a bá gbé e lọ sílé nígbà ọdún, kí ni a ó sọ fún ìyá àgbà? Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí ẹ kò tíì ja irú ìjà yìí rí, ẹ má ì fi ọjọ́ sí i.

Nígbà tí a wá fẹnu kò tán, ìbéèrè náà di ìgbádùn lásán, nítorí pé ẹ̀rù ìdáhùn kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó bá mi nídìí àwo níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ó sì ju òrùka sínú èyí tí mo ti ṣà tán. Òkúta ni mo pè é. Mo ti mú un sọ sínú ike ìdọ̀tí kí ó tó pariwo. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, èmi náà béèrè padà pẹ̀lú òrùka tèmi, nítorí pé mo fẹ́ kí òun náà mọ bí ó ṣe máa ń rí lára ẹni tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀: ẹnì kan béèrè, ẹnì kejì béèrè padà, òrùka sì di méjì. Àwọn mìíràn a jọ lọ ra òrùka lọ́jọ́ kan náà láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn.

Nípa ti ìwé, jákèjádò Kánádà ni òfin ti gba irú ìgbéyàwó wa láti ọdún 2005, Ontario sì ti gbà á ṣáájú ní 2003. Ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ní Ontario kì í kọjá ọjọ́ 90 kí agbára rẹ̀ tó tán, nítorí náà ẹ má lọ gbà á kí ẹ tó mọ ọjọ́.

Agbẹjọ́rò Ọ̀yọ́

Mo bá Ọmọ Ajílété yọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí Àkànkẹ́ wà yàtọ̀ sí tirẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ òfin, nítorí pé òun ni yóò sọ ibi tí ènìyàn ti lè béèrè àti iye ènìyàn tí ó lè wà níbẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tí ó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ó wà fún ẹni tí ó bá ṣe é. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ti ẹni tí ó bá so wọ́n pọ̀, tí ó ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ọdún 10 kan náà ni fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin náà tún sọ pé òfo ni ìwé ìgbéyàwó irú èyí tí a bá gbà ní òkè òkun, kò sì sí ilé-ẹjọ́ níbí tí yóò fi àǹfààní kankan tí ó ti inú rẹ̀ wá lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ìdána ní bòńkẹ́lẹ́, ẹ má pe ọ̀rẹ́ jọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́ láti wá wo ìbéèrè, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò. Ẹni tí ó bá yín gbé kéèkì wọlé ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn oníṣẹ́ kítò tí wọ́n ń dẹ pańpẹ́ fún wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi gba owó kò nílò ju àwòrán òrùka kan àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ díẹ̀ nínú fóònù tí kò ní títì. Mo mọ̀ pé ó dun ènìyàn láti fi ayọ̀ pamọ́. Síbẹ̀, ẹ béèrè níbi tí òfin ti gbà á láyè, tàbí kí ẹ béèrè láàrin ẹni méjì.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tí ó ń dúnàá-dúrà ìgbéyàwó máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá jọ kọ́ ilé tàbí ra ilẹ̀ sílé, ìwé ìgbéyàwó Leeds kò ní í gbà á fún yín. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí ìwé ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì tí wọ́n jọ rà á, kí kálukú yín sì kọ ìwé ìhágún fún ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ní. Ilé ẹbí kò sí lára ohun tí ènìyàn lè há, ẹ má kà á mọ́ ọn. Kí ẹ tó fẹ́ ara yín ni ó yẹ kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Akẹ̀sán

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú yín, ọmọ mi ni ó jẹ́ ọ̀kan nínú yín, òun náà ni ó fi ojú òpó yìí hàn mí. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin ní òkè òkun. N kò ní í purọ́ pé inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Mo ti ìsọ̀ mi ní ọjà Akẹ̀sán pa, mo lọ sùn ní ọ̀sán gangan.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, Àkànkẹ́ ọmọ mi, ni nípa bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ìyá. Ọmọ mi kò wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun fẹ́ ẹ. Bí ó bá béèrè ni, ǹ bá sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá sì wà láàrin wa títí di òní. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn méjèèjì ti fẹnu kò, ó mọ̀ pé yóò dùn mí, òun kò sì fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó wá dákẹ́. Kò rọ̀ mí, kò sì bá mi jiyàn Bíbélì. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ láàrin ara yín, kí ẹ má gbé ohun tí kò tíì dá yín lójú wá síwájú òbí, nítorí pé òbí yóò rí i lójú yín, yóò sì fà á ya.

Ẹni Tí Wọ́n Lé Jáde

Ẹ kú àgbà, Mà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe gbogbo ìyá ni ó ń ti ìsọ̀ lọ sùn. Tèmi kó ẹrù mi síta, ó sì pe pásítọ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bí Àkànkẹ́ bá ṣì ń gbé lábẹ́ òrùlé òbí rẹ̀, tàbí tí ilé-ìwé tí ó ti ń kọ́ni bá jẹ́ ti ìjọ, kí ó pa ẹnu mọ́ títí yóò fi kúrò nílùú. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó ṣeé fọkàn tán ti tó.

Ìyá Akẹ̀sán

Òótọ́ ni ọmọ tí wọ́n lé jáde yìí sọ. Ẹ jẹ́ kí Àkànkẹ́ mú tirẹ̀ lò ṣáájú tèmi.

Ọmọ Aláàfin ní Johannesburg

Gúúsù Áfíríkà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó gba irú ìgbéyàwó wa, ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ tí ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ti fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún kan láti tún òfin ṣe. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ Soweto, èmi sì jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Mo fẹ́ fi kún ohun tí Ọmọ Ajílété sọ nípa owó. Níbí, bí ẹ kò bá lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tí òfin yàn fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti kọ àdéhùn ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, ohun gbogbo tí ẹ̀yin méjèèjì ní, àti gbèsè pẹ̀lú, di ti àjọni. Èmi ń ṣòwò, mo máa ń yá owó, n kò sì fẹ́ kí ẹni tí ó ń gba owó oṣù bá mi ru gbèsè ọjà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣí ẹnu ìgbéyàwó. Mo ní, "Mo fẹ́ fẹ́ ọ, mo sì fẹ́ kí a jọ lọ rí agbẹjọ́rò." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìfẹ́ oníṣòwò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ní ti ẹni tí yóò jẹ́ ọkọ, tí yóò jẹ́ ìyàwó: ẹ má dáhùn ìbéèrè yẹn fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ayẹyẹ níbí, mo ní kí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn hun òfì fún wa. Ẹni tí mo rán béèrè lọ́wọ́ mi èwo ni ti ọkọ, èwo ni ti ìyàwó, kí ó lè mọ bóyá agbádá àti fìlà ni tàbí ìró àti gèlè. Mo ní etù kan náà ni kí wọ́n hun, fún agbádá méjì, ọkùnrin méjì ni yóò wọ̀ ọ́ sí òde kan náà. Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé aṣọ ẹbí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ náà, èmi dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, òun náà sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó dúró fún ilé wa. Obì, orógbó, oyin àti ataare wà níbẹ̀, ìdajì láti ọ̀dọ̀ mi, ìdajì láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó orí nìkan ni a fò, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń gba ọmọ ẹni kankan lọ.

Má Kánjú

Mo fẹ́ béèrè ohun tí gbogbo yín ń yẹra fún. Àkànkẹ́, ṣé ìgbéyàwó ni ẹni yẹn ń fẹ́, àbí ọ̀nà tí yóò fi gbé ọ wọ ìlú ọba? Kò burú bí ó bá jẹ́ méjèèjì. Ó burú bí ẹnì kan nínú yín bá rò pé ọ̀kan ni nígbà tí ẹnì kejì mọ̀ pé èkejì ni. Físà tí wọ́n ń fún àfẹ́sọ́nà níbẹ̀ kì í ju oṣù 6 lọ, láàrin rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó, kí o sì tún tọrọ físà ìyàwó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, owó tí ó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún ẹni tí ó ń pè ọ́ jẹ́ 29,000 pọ́n-ùn lọ́dún, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀rí pé ẹ ti fojú kan ara yín rí àti pé òótọ́ ni ìfẹ́ náà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú fóònù tí Agbẹjọ́rò kìlọ̀ nípa wọn, àwọn gan-an ni ìwọ yóò nílò. Má pa wọ́n rẹ́. Wá ibi tí ó ní títì kó wọn sí, kì í ṣe orí fóònù tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń yá wo bọ́ọ̀lù.

Bí iṣẹ́ tí ẹni yẹn ń ṣe kò bá tíì tó iye yẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ti ń dúró de ara yín láti ọjọ́ yìí wá.

Àkànkẹ́ Òkèlẹ̀rìn

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ó kọjá ohun tí mo retí. Mo pè é padà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí Má Kánjú ṣe béèrè lọ́wọ́ mi, ó sì dákẹ́ pẹ́ kí ó tó ní méjèèjì ni, ṣùgbọ́n bí físà kò bá sí nínú rẹ̀ pàápàá, òun ì bá wá sílé wá béèrè ní ìgboro. Mo ní kí ó má dán an wò. A ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ, kò tíì parí. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀ báyìí. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń lẹ orúkọ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mọ́ ara pátákó níbẹ̀? Èkejì ni pé mo fẹ́ béèrè padà bíi ti Ọmọ Ajílété. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà ní ọjà wa tí mo fẹ́ kí ó bá mi rọ òrùka. Ṣé ó léwu?

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba

Àbúrò, láti oṣù kẹta ọdún 2014 ni a ti lè ṣe é ní England àti Wales. Òótọ́ ni ti pátákó. Ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ lọ fúnra yín sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ láti kéde pé ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, wọn yóò sì fi ìkéde náà hàn ní ọ́fíìsì náà fún ọjọ́ 28 ó kéré tán. Bí o bá jẹ́ àlejò lórílẹ̀-èdè náà, wọ́n lè sọ ọ́ di ọjọ́ 70 kí wọ́n lè ṣe ìwádìí. Ẹ kà á mọ́ oṣù 6 yẹn, ẹ má dúró títí yóò fi kù díẹ̀. Ìkéde náà kì í jáde nínú ìwé ìròyìn. Kìkì ẹni tí ó bá wọ ọ́fíìsì náà ni ó lè kà á, ṣùgbọ́n àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Leeds, nítorí náà kí o mọ̀ kí o tó bọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n fẹ́, kò sì pọn dandan kí wọ́n jẹ́ ẹbí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí tèmi, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹnì kan. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, orúkọ ìyá àti ti bàbá ni wọ́n ń kọ sínú ìwé náà, kì í ṣe ti bàbá nìkan mọ́. Ẹ jọ sọ ọ́ ṣáájú, nítorí pé ó máa ń bá ènìyàn lójijì ní iwájú akọ̀wé bí ìyá ẹni kò bá tíì mọ̀.

Ní ti alágbẹ̀dẹ wúrà, òrùka kan kò léwu, ta ni kì í ra òrùka? Ẹyọ kan ni kí o ní kí ó rọ, má sọ pé méjì bákan náà, má sì jẹ́ kí ó kọ orúkọ kankan sínú rẹ̀. Ní kí olólùfẹ́ rẹ fi òwú wọn ìka rẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá móoru, nítorí pé òtútù ibí ń sọ ìka di kékeré, òrùka tí a bá wọ̀n láàárọ̀ kì í lè wọlé mọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.